Ikọ́ Gajadhar

Ní abúlé Barkheda, ọkùnrin àgbà kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọ agbo ilé ara rẹ̀. Ikọ́ ni ó ń wú. Bí ikọ́ bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ìyàwó ilé yóò fa etí aṣọ bojú, ọ̀rọ̀ yóò kú sí wọn lẹ́nu, ẹni tí ń rẹ́rìn-ín yóò gbé ẹ̀rín náà mì, títí bàbá yóò fi kọjá sídìí ibùsùn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ òfin yìí sínú ìwé. Òfin tí a kò kọ ni í pẹ́ jù lọ́rùn ènìyàn.

Nínú gbogbo ikọ́ tí ń dún ní abúlé náà, kò sí èyí tí ó wúwo tó ti Gajadhar. Ó dàbí ìgbà tí wọ́n da apẹ̀rẹ̀ òkúta sórí páànù. Àwọn ẹfọ̀n rẹ̀ pàápàá a máa gbé orí sókè bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Batasiya sì ti ń gbọ́ ikọ́ yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé bí ìyàwó Harcharan, àbúrò Gajadhar. Láti ọjọ́ náà, kò wo ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó mọ̀: gìgísẹ̀ tí ó sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, àti èékánná àtàǹpàkò òsì tí ó dúdú bí ẹ̀yinná. Orúkọ rẹ̀ kò sì kọjá ètè rẹ̀ rí. Munna ni orúkọ àkọ́bí Gajadhar, nítorí náà “Bàbá Munna” ni Batasiya ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ nìkan. Bí ó bá wà níbẹ̀, kò pè é rárá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé obìnrin náà yadi. Àwọn ọ̀bọ tí ń jí ẹ̀fọ́ lóko mọ ohùn rẹ̀, wọ́n a sì sá kí bàtà tí yóò tẹ̀lé ohùn náà tó dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ òṣùwọ̀n mọ́lẹ̀ fún un lọ́jà, a gbọ́ ìtàn ìyá tirẹ̀ dé ìran kẹta. Ṣùgbọ́n bí ikọ́ yẹn bá ti dún, Batasiya a wọ inú aṣọ rẹ̀ lọ bí ìgbín tí ó rí iyọ̀.

Ibà pa Harcharan ní ìgbà òjò, wọ́n sì sun òkú rẹ̀ di eérú bí àṣà wọn. Wọ́n fọ́ ẹ̀gbà gíláàsì tí ó wà lọ́wọ́ Batasiya gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún opó, wọ́n sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú yàrá méjì nínú agbo ilé àti ìdajì oko tí ó wà létí odò. Oko náà ni Gajadhar fẹ́. Nígbà tí ó jẹ́ pé òun àti ìyàwó àbúrò rẹ̀ kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ arúgbó ni ó ń rán.

“Ìyàwó,” ni ìyá náà wí, “Bàbá Munna ní kí o tẹ ìka sí ìwé kan fún òun. Ó ní òun á máa bọ́ ọ.”

“Ìyá, ẹ bá mi sọ fún Bàbá Munna pé ìka ń dùn mí.”

Ìyá lọ, ó bọ̀. “Ó ní ìka wo?”

“Gbogbo wọn ni, Ìyá. Títí kan ti ẹsẹ̀.”

Báyìí ni ìránṣẹ́ ń lọ tí ó ń bọ̀ títí sùúrù fi tán níbi tí kò ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Batasiya tẹ̀ síwájú iná, ó ń yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ. Aṣọ ti yọ̀ kúrò ní orí rẹ̀, nítorí kò gbọ́ ikọ́ kankan. Ohun tí ó kọ́kọ́ rí ni gìgísẹ̀ tí ó sán. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ọ̀pá oparun tí wọ́n fi ń da ẹfọ̀n. Ó gbé apá òsì sókè láti fi gba orí sílẹ̀, eegun apá náà sì dá. Gajadhar wọ́ ọ jáde, ó fi àgádágodo ti yàrá méjèèjì, ó sì jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n bu omi wá fún òun.

Bàbá náà kò wúkọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí a rántí rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n ya àwòrán eegun rẹ̀, wọ́n fi ẹfun líle di apá náà, wọ́n sì ní kí ó lọ fi ọ̀rọ̀ tó ọlọ́pàá létí. Ó lọ. Ohun tí ó ń wá kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sínú ìwé àgọ́ ọlọ́pàá. Ó mọ̀ pé bí wọn kò bá kọ ọ́, òun ṣubú ni, ẹnikẹ́ni kò lu òun; àti pé bí ẹ̀ṣẹ̀ kò bá sí, àgádágodo yóò wà lẹ́nu ilẹ̀kùn òun títí Gajadhar yóò fi gbin oko òun, tí yóò sì kórè rẹ̀, tí gbogbo ayé yóò sì sọ pé tirẹ̀ ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Akọ̀wé àgọ́ náà ń jẹ́ Dubey. Ó fi làálì pa irunmú rẹ̀ pupa, ó sì jókòó sẹ́yìn tábìlì bí ẹni tí ilé náà jẹ́ ogún rẹ̀. Ọ̀gá àgọ́ kì í sí nítòsí. Ìpàdé ni ó máa ń wà, ìpàdé náà kò sì parí rí.

“Kí ló dé, obìnrin?”

“Ọ̀gá, wọ́n ṣẹ́ mi lápá, wọ́n sì lé mi kúrò nílé mi. Mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Ta ni ‘wọ́n’?”

“Bàbá Munna.”

“Bàbá Munna wo? Munna tó ń ta epo ni, àbí Munna tó ń jí epo?” Àwọn ọlọ́pàá tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, Ọ̀gá. Gbogbo Barkheda ló mọ̀ ọ́n.”

“Gbogbo Barkheda kọ́ ló ń kọ̀wé níbí. Èmi ni. Dárúkọ ẹ̀.”

Batasiya wolẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ mọ̀ pé mi ò lè pè é.”

Dubey mọ̀. Ìyàwó tí ó dáná oúnjẹ tí ó jẹ jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. Ó fi ọwọ́ pa irunmú rẹ̀, ó ní kí obìnrin náà jókòó sílẹ̀, òun fẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Alùpùpù gbéra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà Barkheda ni ó kọjú sí. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ikọ́ kan fi dún lẹ́nu ọ̀nà àgọ́.

Ọwọ́ tí kò kán fa aṣọ bojú kí Batasiya tó mọ ohun tí ó ń ṣe. Wọ́n gbé àga fún Gajadhar. Wọ́n gbé tíì fún un. Láti abẹ́ aṣọ, obìnrin náà rí èékánná dúdú náà tí ó ń mì jẹ́jẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tí ń gbádùn.

“Ó yá, sọ̀rọ̀,” ni Dubey wí. “Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ ló jókòó yìí. Ṣé òun ló lù ẹ́? Sọ ọ́ lójú ẹ̀.”

Batasiya fa aṣọ náà wálẹ̀ sí i.

“Mo tún ń bi ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ jẹ́rìí pé mò ń bi í o.”

Gajadhar kò bá Batasiya sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ni ó ń bá sọ̀rọ̀. “Ẹfọ̀n ló ta á nípàá lẹ́bàá kànga. Ẹ̀yin náà wò ó, ọ̀fọ̀ ọkọ ti dà á lórí rú.”

“Àwọn opó,” ni Dubey wí, ó mi orí. “Ó dáa. Obìnrin, o ò fi ẹnikẹ́ni sùn. Máa lọ sílé.”

Ilé wo?

Ẹ kíyè sí ọgbọ́n òǹrorò yìí. Dubey kò lé e. Kò sọ pé òun kò ní kọ̀wé. Bí wọ́n bá gbé e lọ síwájú ọba, yóò búra pé òun bi obìnrin náà léèrè lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kejì, kò dáhùn. Àga kan ṣoṣo ni ó gbé kalẹ̀. Nígbà tí Batasiya padà lọ, ó tún gbé àga náà kalẹ̀. Nígbà tí ó tún lọ, àga náà ti wà níbẹ̀ kí ó tó dé.

Ilé ìyá rẹ̀ ní Simariya ni ó forí pamọ́ sí. Ojú ìyá náà ti fọ́, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti bá iṣẹ́ lọ sí ìlú òkèèrè. “Ọmọ mi,” ni ìyá wí, “orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ lẹ́nu obìnrin, itọ́ ni lórí eérú ọkọ rẹ̀. Má dán an wò.”

“Apá mi ńkọ́, Ìyá?”

“Apá á jinná.”

Ọkùnrin tí ń di ojú egbò ní ilé ìwòsàn ni ó sọ fún un pé bí àgọ́ bá kọ̀ láti kọ ẹ̀sùn, kí ènìyàn kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà, kí ó fi rẹ́jísítà ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọlọ́pàá gbogbo àgbègbè, òfin ní kí ọ̀gá náà wò ó. Batasiya lọ bá akọ̀wé-fún-mi tí ó máa ń jókòó síwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ròyìn ọ̀pá, ó ròyìn apá, ó ròyìn àgádágodo. Ọkùnrin náà béèrè orúkọ. Batasiya ní Bàbá Munna. Ọkùnrin náà ní kí ó tún un sọ. Ó ní Bàbá Munna ti Barkheda, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí igi àjàgbọn. Akọ̀wé-fún-mi wò ó, ó kọ ohun tí ó gbọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Batasiya tẹ ìka sí i, ó san owó rẹ́jísítà, ó di rísíìtì mọ́ etí aṣọ.

Lẹ́tà náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbègbè. Ọ̀gá àgbègbè kọ ìlà méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí àgọ́ ṣe ìwádìí. Lẹ́tà sì padà sórí tábìlì Dubey, bí omi tí ń padà sínú odò.

Dubey kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní kí ó ṣe ìwádìí. Ó ṣe é. Ó lọ sí Barkheda, ó mú Bàbá Munna.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹnì kan ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá Batasiya. Ramdulare ni, ẹni tí ń rán bàtà ní ìpẹ̀kun Barkheda. Etí rẹ̀ ọ̀tún wú bí àkàrà.

“Ìyàwó Harcharan! Jáde wá! Ṣé èmi ni mo lù ẹ́?”

Batasiya jáde, ẹnu yà á. “Bàbá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Lẹ́tà rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀! Wọ́n fà mí kúrò nídìí bàtà, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọlọ́pàá kan gbá mi létí, ó ní ìwọ Bàbá Munna, kí ló dé tí o fi ń ṣẹ́ opó lápá? Mo ní opó wo? Ó tún gbá mi.”

“Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mo kọ, Bàbá. Gbogbo ayé ló mọ̀—”

“Ayé kì í ka lẹ́tà! Bàbá Munna mẹ́ta ló wà ní Barkheda. Ọ̀kan lówó. Ọ̀kan ti kú. Èmi ni ẹ̀kẹta. Ta lo rò pé ọlọ́pàá máa mú?”

Batasiya jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀. Láti ọjọ́ tí apá rẹ̀ ti dá, ẹnikẹ́ni kò rí omi lójú rẹ̀. Ọjọ́ yìí ni ó sunkún. Ìtìjú tí ó rò pé òun ń pa mọ́ fún ilé ọkọ òun ni ọlọ́pàá fi gbá aláìṣẹ̀ létí. Ramdulare dúró lórí rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ, títí ìbínú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó tọ́ sí.

“Ẹkún kọ́,” ni ó wí níkẹyìn. “Dìde. Ẹnu rẹ ò lè pè é? Ẹnu tèmi lè pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ tèmi kọ́ o. Gajadhar! Ṣé o gbọ́? Gajadhar, ọmọ ìyá tí ń yan búrẹ́dì jóná! Ó yá, kílé ayé parí ná, ká wò ó.”

Wọ́n jọ lọ sí ọgbà kóòtù ní ìlú àgbègbè. Abẹ́ igi dóńgóyárò kan ni tábìlì Lọ́yà Nigam wà, ẹsẹ̀ kan rẹ̀ wà lórí bíríkì. Lọ́yà náà ń jẹ ewé páàn, ó ń tu omi pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì fẹ́ràn ẹnikẹ́ni: kò fẹ́ràn ọlọ́pàá, kò fẹ́ràn adájọ́, kò sì fẹ́ràn àwọn tí ń wá bá a.

“Òmùgọ̀ méjì,” ni ó wí nígbà tí wọ́n parí ọ̀rọ̀. “Ẹ gbọ́. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni àgọ́. Bí wọ́n bá tì í mọ́ ọ, ìkejì ni ọ̀gá wọn, pẹ̀lú lẹ́tà rẹ́jísítà. Bí ìyẹn náà kò bá ṣí, ìkẹta ni Májísíréètì. Òun ló lè pàṣẹ fún àgọ́ pé kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀, bí irunmú Dubey fẹ́, bí ó kọ̀. Ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ béèrè bóyá o kan ilẹ̀kùn méjì àkọ́kọ́. Níbo ni rísíìtì rẹ́jísítà wà?”

Batasiya tú etí aṣọ rẹ̀. Lọ́yà náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó dà bí ẹni pé ó bínú pé rísíìtì náà wà.

“Ó dáa. Wàá búra sí ìwé pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí o sọ. Bí ó bá jẹ́ irọ́, ìwọ ni wọ́n á tì mọ́lé. Orúkọ ẹni tí ó lù ọ́?”

Obìnrin náà wolẹ̀. Ramdulare fò ó gbà, ó sọ ọ́, ó tún fi ti bàbá rẹ̀ kún un. Lọ́yà Nigam kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó na bírò sí Batasiya lójú.

“Ìyàwó, tẹ́tí sí mi. Adájọ́ á béèrè ìròyìn lọ́wọ́ àgọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n á kọ, bí mo ti mọ àwọn eyín mi. Wọ́n á ní ìwọ fúnra rẹ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni rí, pé ọ̀tá ló fi orúkọ sí ọ lẹ́nu. Nígbà náà ni adájọ́ á bi ọ́. Ẹnu tèmi kò ní wúlò. Ti aránbàtà yìí kò ní wúlò. Bí o bá dákẹ́, ìwé yìí ti kú nìyẹn, kí o padà sí Simariya, kí o lọ dàgbà níbẹ̀. Òfin kò mọ Bàbá Munna.”

Ìròyìn àgọ́ wá bí ó ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Inú lọ́yà náà dùn ju bí ó ti yẹ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, Batasiya jókòó sẹ́bàá fèrèsé bọ́ọ̀sì. Ó gbìyànjú láti fi orúkọ náà ránṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ ọ. “Ga,” ni ó wí. Ètè rẹ̀ pàdé. Ó tún wí pé “Ga.” Obìnrin tí ó jókòó tì í bi í bóyá èébì ń gbé e, ó sì yọ aṣọ tirẹ̀ kúrò nítòsí.

Adájọ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó wọ ẹ̀wù dúdú, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọ́n pe ẹjọ́. Lọ́yà Nigam dìde. Kí ó tó la ẹnu, lọ́yà mìíràn ti dìde lápá kejì, aṣọ rẹ̀ funfun ju ti gbogbo wọn lọ.

“Olúwa mi, mo dúró fún Ọ̀gbẹ́ni Gajadhar, àgbà oníyì ní—”

“Ta ló pè ọ́?” ni adájọ́ wí.

“Olúwa mi, oníbàárà mi kàn fẹ́ kí kóòtù—”

“Wọn kò tíì kọ ẹ̀sùn kankan sílẹ̀ sí oníbàárà rẹ. Lónìí, láàárín èmi àti olùfisùn àti àgọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ tí ó bá di ẹjọ́ lẹ wá ní ẹnu. Jókòó.”

Ó jókòó. Adájọ́ kọjú sí Batasiya tí ó dúró nínú àpótí igi, aṣọ rẹ̀ wà níwájú orí. “Àgọ́ sọ pé o kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ta ló ṣẹ́ ọ lápá?”

Batasiya gbé ètè. Ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ikọ́ kan dún, ikọ́ bí òkúta lórí páànù.

Aṣọ bọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀ bí aṣọ fèrèsé tí a já okùn rẹ̀. Dubey, tí ó gbé ìwé àgọ́ wá, rẹ́rìn-ín sínú irunmú. Lọ́yà Nigam di ojú rẹ̀.

“Ta ló ń wúkọ́?” ni adájọ́ wí. Ó kọjú padà sí Batasiya. “Obìnrin, mo tún bi ọ́ léèrè, n kò sì ní bi ọ́ mọ́. Ta ni?”

Ikọ́ tún dún, ó lọ́ra lọ́tẹ̀ yìí, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ti ilẹ̀kùn ilé tirẹ̀. Ikọ́ kejì yìí ni àṣìṣe Gajadhar. Bí ó bá ti dákẹ́ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ pé oko Batasiya ni ì bá máa ro lónìí. Ṣùgbọ́n ní abẹ́ aṣọ, níbi tí Batasiya ti ń wo ilẹ̀ pákó kóòtù, ọkàn rẹ̀ sọ ọ́ sẹ́yìn sídìí iná, sí búrẹ́dì tí ó wà lórí páànù, sí orí rẹ̀ tí kò bò, àti sí ìdí tí kò fi bò ó.

Ó yí padà pátápátá, ó kẹ̀yìn sí adájọ́. Ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo tí ó dá ṣáṣá gbé aṣọ kúrò lójú, ó tì í sẹ́yìn títí ó fi dé èjìká. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu. Ó ti ro ojú tí ó tó ikọ́ náà. Èyí tí ó rí jẹ́ ojú kékeré, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ojú bí ti ẹni tí ń ta bọ́tìnì.

“Gajadhar,” ni ó wí.

Lọ́yà Nigam la ojú rẹ̀.

“Gajadhar, ìwọ ni. Lọ́jọ́ tí o ṣẹ́ mi lápá, o ò wúkọ́ kó o tó wọlé. Orí mi ò bò. O bá mi nídìí iná bí olè. Kí lo wá ń wúkọ́ fún lónìí?”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé kóòtù ni. Gajadhar wo lọ́yà rẹ̀. Lọ́yà rẹ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀. Ramdulare, tí etí rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbọ́, gbọ́ ohun tí ó fẹ́ gbọ́.

Adájọ́ kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí àgọ́ kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n wádìí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ tí ó tọ́ sí ọlọ́pàá, kí wọ́n sì mú ìròyìn wá fún òun fúnra rẹ̀.

Dubey ṣì gbìyànjú. Nígbà tí Batasiya dé àgọ́ ní ìrọ̀lẹ́, àga náà wà níbi tí ó máa ń wà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò jókòó sórí rẹ̀. Batasiya fà á, ó jókòó.

“Orúkọ ẹni tó lù ẹ́?” ni Dubey wí, kò gbójú sókè.

“Gajadhar.”

“Mi ò gbọ́.”

“Gajadhar.”

“Sọ ọ́ sókè. Etí ń dùn mí.”

“Ọ̀gá, etí Ramdulare ló ń dùn ún, ẹ̀yin lẹ gbá a. Gajadhar! Ṣé kí n pè é títí á fi gbọ́ ọ ní Barkheda?”

Dubey kọ ọ́. Ó ní kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ gba ẹ̀dà rẹ̀. Batasiya ní lọ́yà òun sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀dà, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń fún ni, òun kò ní dìde kúrò lórí àga yìí. Ó gba ẹ̀dà.

Wọ́n mú Gajadhar, wọ́n sì gba onídùúró rẹ̀. Ẹjọ́ náà ṣì ń lọ. Ẹjọ́ ilẹ̀ wa kì í yára, ó ń rìn bí ẹfọ̀n tí ó yó. Ṣùgbọ́n lọ́yà aláṣọ funfun sọ fún un pé bí àgádágodo yẹn bá ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn nígbà tí olùwádìí bá dé, ẹ̀ṣẹ̀ kan yóò di méjì. Àgádágodo kúrò. Oko létí odò wà níbẹ̀, Gajadhar kò gbìn ín.

Ní ọjọ́ tí Batasiya padà sí Barkheda, àwọn obìnrin dúró sórí òrùlé, ẹnikẹ́ni kò kí i.

“Ẹ wá wò ó, apeorúkọ ti dé.”

“Ọkọ ẹ̀ ì bá wà láyé, á tún kú.”

“Ẹ bò mí lójú, kí n má bàa kọ́ ọ!”

Batasiya kò dá wọn lóhùn. Ó mọ̀ pé wọn kò ní ké sí òun síbi ìgbéyàwó mọ́, àti pé bí òun bá dé ìdí kànga, wọn yóò gbé ìkòkò wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé. Láàárín àlàfo pákó, ó rí gìgísẹ̀ méjì lórí ibùsùn okùn.

Ó dúró. Ó wúkọ́.

Kì í ṣe ikọ́ obìnrin. Ó fà á láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó jẹ́ kí ó gbé òkúta dání. Okùn ibùsùn dún. Gìgísẹ̀ méjèèjì bọ́ sílẹ̀, wọ́n wá bàtà, wọn kò rí i, wọ́n sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde sọ́dọ̀ àwọn ẹfọ̀n.

Ìyá arúgbó nìkan ni ó kù nídìí iná, ó ń yan búrẹ́dì. Aṣọ rẹ̀ bo ojú rẹ̀ dé àgbọ̀n, bí ó ti ń bò ó láti ìgbà tí òun náà ti wọ ilé yẹn bí ìyàwó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àwọn tí ó ń bojú fún ti kú. Batasiya gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

“Ìyàwó.”

“Ẹ̀n, Ìyá.”

“Wọ́n ní o pè é. Lójú gbogbo ayé.” Ó wo ẹ̀yìn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣé ahọ́n rẹ ò jóná?”

“Kò jóná, Ìyá. Apá nìkan ló kán.”

Arúgbó náà yí búrẹ́dì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni ó fa ìjókòó rẹ̀ díẹ̀ sápá kan, kí àyè lè wà fún ẹlòmíràn nídìí iná.